Bouaké: Ta Ni Oníṣòwò Yóò Fẹjọ́ Sùn?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, ìlú ńlá kejì ní Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ti ń tajà tipẹ́tipẹ́. Àwọn adájọ́ sá lọ, ilé ẹjọ́ sì di títì. Ní ọdún 2004, Forces Nouvelles dá La Centrale sílẹ̀ láti máa gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà, awakọ̀ àti oníṣòwò òwú. Ẹni tí ó bu owó léni lórí náà ni adájọ́. Ara rẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́. Àwọn àgbà sì ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àdéhùn Ouagadougou ti oṣù kẹta ọdún 2007 ni ó la ọ̀nà fún ìpadàbọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Lónìí, ẹni tí àṣẹ Mẹ́yọ̀ bá pa lára lè kọ̀wé ta kò ó láàárín oṣù méjì, kí ó tó tọ adájọ́ lọ.

Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa bá já ìwé ìtanràn lé wa lọ́wọ́, kí á má ṣe bèèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí á bèèrè ẹni tí yóò gbọ́ tẹnu wa.