Ìwé Ìṣọ́ Ẹ̀rọ: Ìtàn Log àti Ìdí tí ó fi Yẹ kí A Kà á Lásìkò

Iṣẹ́ ìtàn ni mo kọ́, àkọsílẹ̀ sì ni irinṣẹ́ wa. Àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti ìjọ, kì í sì í ṣe ti ìjọba. Èyí tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tí mo ní lọ́kàn ni kọ̀ǹpútà tí ń dá àwọn tí ó bá wá ojú-ìwé lórí ayélujára lóhùn. Ẹ̀rọ apèsè ni n ó máa pè é. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní log.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ kó àwọn ìwé àtijọ́ tí a ti dà kọ sórí ẹ̀rọ apèsè kan. Log ẹ̀rọ náà ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ń kà á, kò sì sí ẹni tí ń dín in kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àyè ìpamọ́ kún, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ pa gbogbo log náà rẹ́ kí iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni a tó rí i pé ẹnìkan ti yọ́ wọlé, ó sì ti yí ọ̀rọ̀ padà nínú díẹ̀ lára àwọn ìwé wa. Ìgbà wo ni ó wọlé? Ìwé wo ni ó fọwọ́ kàn, èwo ni kò fọwọ́ kàn? Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Títí di òní, tìfuratìfura ni mo fi ń ka àwọn ìwé náà.

1. Orísun orúkọ náà

Ìtì igi ni log ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn atukọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa so igi mọ́ okùn, wọn a jù ú sómi láti ẹ̀yìn ọkọ̀, wọn a sì wo bí okùn náà ti ń tú tó láàárín àkókò tí a wọ̀n. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. William Bourne ṣàpèjúwe ọgbọ́n yìí nínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1574. Ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n eré ọkọ̀ sí ni a wá ń pè ní ìwé log.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Atukọ̀ kì í dúró dìgbà tí ó bá gúnlẹ̀ kí ó tó ka ìwé log rẹ̀. Lójú agbami ni ó ti ń kà á, kí ó lè mọ ibi tí ó wà, kí ọkọ̀ má baà forí sọ àpáta. A ó rí i pé ohun tí àwọn olùtọ́jú ẹ̀rọ gbàgbé gan-an nìyí.

2. Bí log ṣe wọ inú ẹ̀rọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Eric Allman, ní Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley, ṣe ètò kan tí ó pè ní syslog fún Sendmail, ètò ìfìwéránṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀. Ìpele mẹ́jọ ni a ń pín ìròyìn sí nínú rẹ̀: 0 ni pé ẹ̀rọ ti dákú, 7 sì ni ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí àwọn onímọ̀ nìkan ń wá. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ariwo ni ó yẹ kí ó jí ènìyàn lójú oorun.

Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee gbé àbá ayélujára kalẹ̀ ní CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva. Kí ọdún 1990 tó parí, ẹ̀rọ apèsè àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1993, Rob McCool ṣe ètò apèsè mìíràn ní ibùdó NCSA ní Yunifásítì Illinois. Láti ara irú àwọn ètò wọ̀nyí ni ìlànà kan ti jáde tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀ lé: ìlà kan fún ìbéèrè kan. Ìlà náà ń sọ àdírẹ́sì ẹni tí ó béèrè, ọjọ́ àti wákàtí, ohun tí ó béèrè, nọ́ńbà ìdáhùn, àti bí ohun tí a fún un ti tóbi tó. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 200, ó rí ohun tí ó wá. Bí ó bá jẹ́ 404, ohun náà kò sí. Bí ó bá jẹ́ 500, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó kọsẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ìtàn níbẹ̀. Bí àdírẹ́sì kan bá gba 401, èyí tí í ṣe "ìwọ kò láṣẹ", ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé ẹnìkan ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lẹ́nu ọ̀nà wa.

3. Sẹ́ǹtì márùndínlọ́gọ́rin

Ìtàn tí ó fi èyí hàn jù ni ti Clifford Stoll, onímọ̀ ìràwọ̀ tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1986, wọ́n ní kí ó wádìí ìdí tí sẹ́ǹtì 75 fi yàtọ̀ nínú ìṣirò owó ìlò ẹ̀rọ wọn. Ẹlòmíràn ìbá gbójú fò ó. Stoll tọpasẹ̀ rẹ̀, ó sì bá àlejò tí a kò pè nínú ilé.

Ohun tí ó ṣe tẹ̀ lé e ni ẹ̀kọ́ wa. Kò gbé ìṣọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí àlejò náà ti lè rí i kí ó sì pa á rẹ́. Ó so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ àwọn okùn tí ń wọlé, ohun gbogbo tí àlejò náà bá tẹ̀ sì ń jáde sórí bébà. Ó tún ní ẹ̀rọ kékeré lára tí ń ké pè é nígbàkúùgbà tí àlejò náà bá dé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ipasẹ̀ náà dé ìlú Hannover ní Jámánì, níbi tí àwọn kan ti ń ta ohun tí wọ́n rí fún KGB ti Soviet. Ní ọdún 1990, ilé-ẹjọ́ Jámánì dá wọn lẹ́bi.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn olè wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún. Irinṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa yẹ ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde wò kò ríran, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí tí ó ń lò ti kọjá àkókò. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní òpin oṣù Keje ni wọ́n tó rí olè. Ọjọ́ 76 ti kọjá, ìsọfúnni nípa nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn sì ti lọ.

4. Ètò tí ó yẹ

Ìtàn wọ̀nyí kọ́ wa ní ohun márùn-ún. Èkíní, kí a máa ṣí ìwé log tuntun lójoojúmọ́ tàbí bí ó bá ti tó ìwọ̀n kan, kí a ká èyí tí ó ti pẹ́ jọ kí ó má baà gba àyè. Èkejì, kí ẹ̀dà rẹ̀ máa lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gba ilé lè jó ìwé inú ilé. Ẹ̀kẹta, kí aago gbogbo ẹ̀rọ ṣọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìlànà NTP ti David Mills, tí ó jáde ní ọdún 1985, fi ṣe iyebíye. Bí aago kò bá dọ́gba, a kò lè mọ ohun tí ó ṣáájú ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹrin, kí a yan ìwọ̀nba àmì tí yóò máa ké pe ènìyàn. Bí ìpè bá pọ̀ jù, etí a di sí i. Ẹ̀karùn-ún, kí a dá ọjọ́ tí a ó pa log rẹ́, nítorí pé ipasẹ̀ àwọn ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sì kàn án.

Ìkádìí

Onítàn ń ka àkọsílẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dẹ tí ń ṣọ́ ìlú kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Òru ni iṣẹ́ tirẹ̀. Log jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo sọ, ọ̀dẹ kò kà á, ẹni tí ó sì pa á rẹ́ kò jẹ́ kí onítàn rí nǹkan kà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ apèsè ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín, ẹ béèrè lọ́la: ta ni ń ka log rẹ̀?