Ọ̀tá Tí Amẹ́ríkà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dá Sílẹ̀

Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ojú yẹn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fi wo MiG-17 nígbà tí ogun Vietnam gbóná. Bàálù àtijọ́ ti Soviet ni, irú èyí tí ìjọba Nàìjíríà náà lò nígbà ogun abẹ́lé. Kò lè sáré bíi F-4 Phantom ti Amẹ́ríkà. Àmọ́ ó kéré, ó sì máa ń yí po bìrí, Phantom tó bá sì ní òun fẹ́ bá a yí, ó ti fi ara rẹ̀ fún ìbọn.

Nígbà ogun Korea, Amẹ́ríkà ní bàálù ọ̀tá 10 ni àwọn ń já lulẹ̀ kí ọ̀kan tiwọn tó bọ́. Láàárín 1965 sí 1968, lókè Vietnam, ó ti já sí bíi 2 sí ọ̀kan. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní kí ọ̀gá wọn kan, Frank Ault, wádìí ohun tó fà á. Àbọ̀ tó jẹ́ kò dùn-ún gbọ́: àwọn ohun ìjà wọn máa ń kùnà, àwọn awakọ̀ fúnra wọn kò sì mọ ìjà òfurufú mọ́.

Níbi ìdánrawò, Phantom ni Phantom ń bá jà. Àwọn méjì tó jọ gba ẹ̀kọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ kan náà, kí ni wọ́n fẹ́ fi ya ara wọn lẹ́nu?

Ní oṣù Kẹta 1969, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Miramar, ní California. Òun ni Top Gun tí fíìmù ọdún 1986 sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń fi A-4 Skyhawk, bàálù kékeré tó mọ̀ ọ́n yí, ṣe bíi MiG-17. Nígbà tí ìjà tún le lọ́dún 1972, awakọ̀ iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ń já bíi MiG 12 lulẹ̀ kí wọ́n tó pàdánù ẹyọ kan. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, tí kò ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ṣì wà lórí bíi 2 sí ọ̀kan.

Ìtìjú yẹn ló bí Ikọ̀ 64, ikọ̀ òfurufú tó ń ṣe bí ọ̀tá níbi ìdánrawò, ní ibùdó Nellis, lẹ́bàá Las Vegas, ní oṣù Kẹwàá 1972. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ T-38 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Saigon ṣubú ní oṣù Kẹrin 1975, àwọn F-5E tí wọ́n ti pinnu fún Gúúsù Vietnam bọ́ sí wọn lọ́wọ́. F-5E tín-ín-rín débi pé bó bá dojú kọ èèyàn tààrà, agbára káká ni ojú fi ń rí i. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà bíi ti Soviet, wọ́n kọ nọ́ńbà ràgàjì sí imú rẹ̀. Àwọn tó ń wà á ka ọgbọ́n ìjà Soviet ní àkàyé, wọ́n sì ń fi jà.

Lọ́dún yẹn kan náà, ìdánrawò ńlá Red Flag bẹ̀rẹ̀ ní Nellis. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tó bá la ìjà 10 àkọ́kọ́ já, ó ṣeé ṣe kó pẹ́ lójú ogun. Wọ́n wá ní kí olúkúlùkù ja ìjà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn nílé.

Síbẹ̀, àfarawé ni. Lọ́dún 1966, Munir Redfa, ọmọ Iraq, ti gbé MiG-21 sá lọ sí Israel, Israel sì yá Amẹ́ríkà lò. Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà ní ikọ̀ MiG tirẹ̀, Ikọ̀ 4477, tó fara pamọ́ sí Tonopah ní aṣálẹ̀ Nevada. Awakọ̀ tó bá kọ́kọ́ rí MiG gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ara rẹ̀ a máa kú tí. Nítorí náà, wọn kì í kọ́kọ́ jà. MiG náà yóò bá a fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí ó wò ó tẹ́rùn, kí àyà rẹ̀ balẹ̀, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe èyí títí di 1988. Ọdún 2006 ni ìjọba tó jẹ́wọ́ rẹ̀ fáráyé.

Nígbà tí Soviet ń tú ká, wọ́n tú Ikọ̀ 64 náà ká lọ́dún 1990, wọ́n sì tún un dá lọ́dún 2003 pẹ̀lú F-16. Ní oṣù Kẹfà 2022, Ikọ̀ 65, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Ikọ̀ 64, padà sí Nellis pẹ̀lú F-35, ọ̀kan nínú bàálù ogun tó wọ́n jù lọ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi í ṣe bíi bàálù Ṣáínà.