fojú bù

Ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀-ìṣe alákànpọ̀ (fi + ojú + bù). Ọ̀rọ̀-orúkọ: ìfojúbù.

Ìtumọ̀

1. Láti sọ iye, ìwọ̀n tàbí ìjìnnà ohun kan nípa wíwò ó, láìkà á, láìwọ̀n ọ́n.
• Ó fojú bu iṣu tí ó wà nílẹ̀, ó ní yóò tó 60.
• Ààlà Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kì í ṣe ohun tí a ń fojú bù. Àwọn awọnlẹ̀ ni í wọ̀n ọ́n.

2. (Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì) Láti ṣírò iye kan láti ara àmì tí ó hàn, nígbà tí a kò wọ̀n ọ́n tààrà.
• Wọ́n fojú bu ìjìnnà ìràwọ̀ náà láti ara àwọ̀ rẹ̀.

Gírámà

Ohùn ìsàlẹ̀ orí bù ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: fojú bu iye. Kì í yí padà níwájú arọ́pò-orúkọ: fojú bù ú. Bákan náà ni wọ̀n: wọn ilẹ̀, wọ̀n ọ́n.

Àkíyèsí ìlò

Fojú bù kì í ṣe méfò: ẹni tí ó méfò lè má ní ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fojú bù rí ohun tí ó gbára lé. Kì í sì í ṣe wọ̀n. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó fún ẹni tí ń túmọ̀ ìwé nípa ìràwọ̀.

Bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan bá ti jìnnà sí wa tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń sún sí ìhà pupa tó, nítorí pé àgbáyé ń fẹ̀ sí i. Bí àwọn onímọ̀ bá tú ìmọ́lẹ̀ náà ká fínnífínní, wọ́n lè wọn ìsún yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń gba àkókò púpọ̀. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí wọ́n ya àwòrán ojú ọ̀run láti inú asẹ́ aláwọ̀ mélòó kan, kí wọ́n sì wo bí ìṣùpọ̀ náà ti mọ́lẹ̀ tó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfojúbù nìyí. Ìwádìí Dark Energy Survey, tí a ṣe ní Cerro Tololo lórílẹ̀-èdè Chile láti ọdún 2013 dé 2019, lo asẹ́ 5. Àbájáde rẹ̀ ti ọdún 2021 dá lé ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mílíọ̀nù 226.

Ìṣùpọ̀ méjì lè fara kanra nínú àwòrán, kí ọ̀kan sì wà jìnnà réré lẹ́yìn èkejì. Nítorí náà, wọ́n ń fi ìjìnnà tí wọ́n fojú bù pín wọn sí ọ̀wọ́ ńláńlá. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka iye méjì-méjì tí ó sún mọ́ra, wọ́n sì ń fi í wé iye tí ìbá wà bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fọ́n ká lásán. Àlékún tí wọ́n bá rí ni ìkórajọ. Àṣìṣe orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ba iṣẹ́ náà jẹ́, bí a bá ṣáà ti mọ bí ó ti tóbi tó; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àwọn díẹ̀ tí a ti wọ̀n yẹ ìfojúbù wò. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ wọ̀n síbi tí fojú bù yẹ ti fi àṣìṣe náà pa mọ́ fún òǹkàwé.

• Kò tọ́: Wọ́n wọn ìjìnnà wọn láti inú àwòrán.
• Ó tọ́: Wọ́n wọn ìkórajọ wọn láti inú ìjìnnà tí wọ́n fojú bù.

Má ṣe fi ìṣùpọ̀ túmọ̀ ìkórajọ. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀.

Tún wo: díwọ̀n, ìkórajọ, méfò, wọ̀n.