Àwọn Èrò Ọkọ̀ Quaker City

Láti ayébáyé, ìdí pàtàkì ni ó máa ń mú ènìyàn wọ ọkọ̀ òkun. Oníṣòwò a wọ̀ ọ́ nítorí èrè, ọmọ-ogun a wọ̀ ọ́ nítorí àṣẹ ọba, oníwàásù a sì wọ̀ ọ́ nítorí ìhìnrere. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ni kò tilẹ̀ fi ìfẹ́ inú wọn wọ̀ ọ́. A jù wọ́n sínú rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti jù Àjàyí Crowther sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ìbá ya àwọn baba wa lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn kan san owó gọbọi láti wọ ọkọ̀, láìní ọjà láti tà, láìní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni rán wọn, kìkì kí wọ́n lè ti èbúté dé èbúté, kí ojú wọn rí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ọkọ̀ kan náà sì tún gbé wọn padà sílé. Ọ̀kan nínú irú ìrìn-àjò afẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ Quaker City ní 1867. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó ti Amẹ́ríkà la òkun ńlá kọjá fún afẹ́ nìkan, ẹnì kan sì wà nínú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ.

Samuel Clemens ni ẹni náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mark Twain. Ẹni ọdún 31 ni nígbà náà, òkìkí rẹ̀ kò sì tíì kàn jìnnà. Owó ọkọ̀ náà jẹ́ 1,250 dọ́là. Kì í ṣe òun ni ó san án. Ìwé ìròyìn Alta California ti San Francisco ni ó san án fún un, kí ó lè máa kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn láti ibi gbogbo tí ó bá dé. A sì kìlọ̀ fún àwọn èrò pé kí olúkúlùkù mú nǹkan bíi dọ́là 5 wúrà lọ́wọ́ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, fún ìnáwó lórí ilẹ̀. Àárín àwọn ọmọ ìjọ Plymouth ní Brooklyn ni ìmọ̀ràn ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn pàtàkì, àgbàlagbà, ọlọ́wọ́ ni ó pọ̀ nínú àwọn èrò, wọn kò sì pé 80. Ọkọ̀ náà kì í ṣe titun. Igi ni a fi kàn án, ó ní àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá méjì ní ẹ̀gbẹ́ tí ń fẹ́ omi, ó sì ti jagun nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni wọ́n tú ọkọ̀ ní New York. Ṣùgbọ́n ìjì ń jà lóde. Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ fi dúró ní ẹnu èbúté kí ó tó lè jáde. Nígbà tí ó jáde tán, òòyì òkun mú àwọn ẹni pàtàkì wọ̀nyí, èébì kò sì mọ ọlọ́wọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ayé inú ọkọ̀ tò. Agogo ní ń pè wọ́n sí oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn kan á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní òkè ọkọ̀, àwọn mìíràn á máa ta ayò dòmínò, àwọn mìíràn á máa fi ọ̀pá ti pákó roboto lórí ilẹ̀ ọkọ̀. Ní alẹ́, wọ́n á pé jọ ní gbọ̀ngàn fún àdúrà, àwọn aláwàdà inú ọkọ̀ sì sọ gbọ̀ngàn náà ní Sínágọ́gù. Nígbà tí àdúrà bá parí, olúkúlùkù á mú ìwé, á sì máa kọ ìtàn ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti ní kí ọmọ ilé-ìwé máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ yóò mọ bí ó ti parí: ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ojú ìwé kún fọ́fọ́, nígbà tí wọ́n fi dé Paris, ọ̀pọ̀ ti sọ kálámù sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà wà nínú ọkọ̀, tí Twain pè ní Blucher nínú ìwé rẹ̀. Ó ra aago olówó iyebíye kan ní Illinois, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e gidigidi. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni aago yìí ń rẹ̀yìn sí ti ọkọ̀, títí ó fi gbà pé aago òun ti bàjẹ́. Aago rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ìlà-oòrùn ni ọkọ̀ ń lọ, ó ń lọ pàdé oòrùn. Digírì kan tí ènìyàn bá lọ síhà ìlà-oòrùn, ọ̀sán á yá níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 4. Àwọn awakọ̀ ń sún aago ọkọ̀ síwájú lójoojúmọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń pa àkókò Illinois mọ́ láàárín òkun. N kò mọ àpẹẹrẹ mìíràn tí ó dára ju èyí lọ fún kíláàsì ìmọ̀ ayé.

Erékùṣù Fayal ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀, lábẹ́ ìjọba Pọtogí. Blucher pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án sí oúnjẹ. Nígbà tí a mú iye owó wá, 21,700 réìsì ni a kọ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó rò pé òun ti di onígbèsè títí láé, ó sì kó 150 dọ́là kalẹ̀, ó ní gbogbo ohun tí òun ní nìyí. Nígbà tí onílé oúnjẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà ní owó Amẹ́ríkà, dọ́là 21 àti sẹ́ńtì 70 péré ni.

Láti ibẹ̀ wọ́n kọjá sí Gibraltar, Tangier, Marseille, wọ́n wọ rélùwéè lọ sí Paris, wọ́n sì rí ilẹ̀ Ítálì láti Genoa dé Naples. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: ọkọ̀ á dúró ní èbúté, àwọn èrò á pín ara wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n á wọ ìlú lọ, wọ́n á sì padà ní ọjọ́ tí ọ̀gá ọkọ̀ dá. Ọjọ́ tí a dá yìí ni ọba lórí gbogbo wọn. Ìlú tí ó gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó kọ́ ọ, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rí i tán. Níbi gbogbo, wọ́n á gba afinimọ̀nà kan, wọn kì í sì í fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ferguson ni Twain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe gbogbo wọn, ará Faransé ni o, Túúkì ni o. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín, Twain tìkára rẹ̀ sì fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹni tí kò bèèrè orúkọ ọkùnrin tí ń mú un lọ́wọ́ káàkiri ìlú, n kò mọ ohun tí ó rí ní ìlú náà.

Ohun tí ó dára jù nínú ìrìn-àjò náà wá láti inú ìdínà. Nígbà tí wọ́n dé Piraeus, èbúté Áténì, ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù àrùn onígbáméjì. Ó ní kí wọ́n dúró nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ 11. Ọ̀gá ọkọ̀ kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ní òru, Twain àti àwọn mẹ́ta sọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n yọ́ gorí ilẹ̀, wọ́n sì rìn lọ sí Áténì, ajá ń gbó wọn lọ́nà, wọ́n sì ń ká èso àjàrà olóko jẹ. Wọ́n kọjá lẹ́bàá Áréópágù níbi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù, wọ́n gun òkè lọ sí ilé òrìṣà àtijọ́, wọ́n sì wo ìlú tí ó sùn lábẹ́ òṣùpá. Kò sí afinimọ̀nà, kò sí ìwé lọ́wọ́. N kò yin olè àjàrà. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ó kọ nípa òru yẹn kò ní ẹ̀gàn nínú.

Ní Yalta, Ọba Alexander Kejì ti Rọ́ṣíà gbà wọ́n lálejò ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ. Twain ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìkíni, aṣojú Amẹ́ríkà ní Odessa sì kà á. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tìtorí rẹ̀ kúrò nílé, ilẹ̀ Bíbélì.

Ẹgbẹ́ Twain gun ẹṣin láti Beirut lọ sí Dámásíkù. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹṣin wọn ti rí, tí wọ́n rù, tí ẹ̀yìn wọn sì bó, ọ̀nà tí ó kù gba ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta nínú wọn kò fẹ́ rìn ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì pinnu láti fi ohun tí kò tó ọjọ́ méjì rìn ín. Twain bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ẹranko náà; wọn kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ lórí ẹ̀yìn ẹṣin tí ń kú lọ. Nígbà tí wọ́n dé Òkun Gálílì, tí ọkàn gbogbo wọn ń yọ̀ pé àwọn yóò tu ọkọ̀ lórí omi tí Olúwa tù, wọ́n pe ọlọ́kọ̀ kan. Dọ́là 8 ni ó bèèrè fún ẹni mẹ́jọ. Wọ́n ní ó pọ̀jù, wọ́n ní àwọn yóò san ìdajì. Kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, ọkọ̀ ti yí padà, ó ti lọ. Wọ́n kígbe tẹ̀lé e pé àwọn gbà, kò bojú wẹ̀yìn. Láti òkèèrè ni wọ́n ti wá, 1,250 dọ́là ni olúkúlùkù fi wọ ọkọ̀, dọ́là 4 ni ó sì dí wọn lọ́nà.

Ní Jọ́pà, níbi tí Jónà ti wọ ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n bá àwọn ará Amẹ́ríkà bíi tiwọn. Ní 1866, oníwàásù kan tí ń jẹ́ George Adams ti kó àwọn ènìyàn tí ó ju 150 lọ láti Maine wá síbẹ̀, tọkọtaya àti ọmọ, láti tẹ ìlú dó de ìpadàbọ̀ Olúwa. Àrùn pa àwọn kan, oko kò so, owó tán. Nǹkan bíi 40 nínú àwọn tí ó kù ni Quaker City gbé dé Alexandria. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Alexandria, Moses Beach, ọ̀kan nínú àwọn èrò ọkọ̀, ẹni tí í ṣe oníwèé ìròyìn ní New York, fi 1,500 dọ́là wúrà sílẹ̀ láti inú àpò rẹ̀, gbogbo wọn sì rí ọkọ̀ padà sí ilé. Owó náà kò ju owó ọkọ̀ ẹnì kan lọ púpọ̀.

Ní Íjíbítì, bí Twain ti dúró tí ó ń wo ère Sphinx, ó gbọ́ ìró òòlù: ọ̀kan nínú wọn ti gun ère náà, ó ń gbìyànjú láti gé díẹ̀ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gé òkúta láti Náínì wá. Òkúta ti Íjíbítì le. Òòlù kò ràn án.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ni wọ́n gúnlẹ̀ padà ní New York. Twain kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn lójú ẹsẹ̀ pé ìrìn-àjò afẹ́ náà jọ ìsìnkú ju eré lọ, inú sì bí púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1869 ni The Innocents Abroad jáde, ìwé rẹ̀ tí ó tà jù nígbà ayé rẹ̀. Àwọn yòókù kó òkúta wálé. Òun kò kó òkúta. Ó wí pé ní etí èbúté Símírínà, nínú yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Charles Langdon, ni òun ti rí àwòrán kékeré kan, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olivia. Ní oṣù kejì 1870 ni ó fẹ́ ẹ.