Níbo Lẹ Wá A Dé? Ẹ̀kọ́ fún Olùwádìí láti inú Ìtàn Ìjọ ní Erékùṣù Èkó

Ní ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St Paul's, Breadfruit, ní Erékùṣù Èkó, jáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n ti fi James Johnson, tó jẹ́ àlùfáà wọn láti ọdún 1880, jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Aáwọ̀ wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọ náà àti Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell lórí bí Johnson ṣe kúrò níbẹ̀. Àwọn tó jáde dá ìjọ Bethel sílẹ̀, J. K. Coker sì di òpómúléró láàárín wọn. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ.

Ta ló jẹ̀bi? Ibi tí olùwádìí bá wá a dé ni yóò pinnu ìdáhùn rẹ̀. Bó bá ka ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS nìkan, èyí tó wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí, ojú àwọn aláṣẹ ni yóò fi wo ọ̀rọ̀ náà. Bó bá sì jẹ́ ìwé Coker nìkan ló kà, ojú àwọn tó jáde ni. Àwọn baba wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdájọ́ lẹni tó ń kọ ìtàn ìjọ ń ṣe, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún-tòsì.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé mú lọ́kàn. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn ni ọ̀nà tí a ń pè ní àgbéyẹ̀wò létòlétò ti gbilẹ̀. Ní 1972, Archie Cochrane, oníṣègùn ará Sìkọ́tíláǹdì, kọ ìwé kan tó fi béèrè irú ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ní 1993 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, láti máa kó gbogbo ìwádìí lórí ìbéèrè kan jọ, kí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ gbogbo rẹ̀? Ìwádìí tó yọrí sí rere tètè máa ń di títẹ̀ ju èyí tí kò rí nǹkan kan lọ. Ẹ̀yin pásítọ̀ mọ èyí dáadáa: ẹni tó rí ìwòsàn ló ń jáde wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tí kò tíì rí i jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo Erékùṣù Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, Abíọ́dún Akínsọwọ́n bọ́ sínú ojúran lẹ́yìn tó wo ìwọ́de àwọn Kátólíkì ní Campos. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé láti gbàdúrà fún un. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1929, àwọn méjèèjì pínyà, apá kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń sọ ìtàn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ wá ìwé lórí wọn kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kó tẹ Séráfù, kó tẹ Seraphim, kó tẹ Aládùúrà, kó tẹ aláṣọ funfun. Kó tẹ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn, kó tún tẹ wọ́n láìsí àmì. OR ló ń so àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ń tọ́ka sí ohun kan náà pọ̀. AND ló ń so kókó kan mọ́ òmíràn. Kó rántí pẹ̀lú pé àwọn ìwé ìròyìn Èkó ayé ìgbà náà, bí Eko Akete àti Akede Eko, ń kọ “aiye” àti “enia”. Kọ̀ǹpútà lè má mọ̀ pé “aiye” ni “ayé”. Kì í sì í ṣe gbogbo ìwé ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó jókòó sí ilé ìkàwé. Kó dé Ìsàlẹ̀ Èkó, kó fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìdílé bóyá ìwé àjọ̀dún ìjọ tàbí àkọsílẹ̀ ìpàdé kan ṣì wà nínú àpótí.

Bó ti ń wá a, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ibo, ọ̀rọ̀ wo, ìwé mélòó ló rí, èwo ló fi sílẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897 sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi sílẹ̀ ni Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, fi tún ìwé náà kọ, tó fi jáde ní 1921. Àkọsílẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà là.

Lúùkù náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti kọ̀wé ṣáájú òun. Ó wádìí ohun gbogbo fínnífínní láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó kọ̀wé sí Tìófílù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Josiah Akíndayọ̀mí, tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Redeemed ní Èkó ní 1952, inú Kérúbù àti Séráfù ló ti jáde wá. Ẹni tó bá ń wá ìtàn wa, tó tẹ “Pẹntikọ́stì” nìkan nítorí pé kò fẹ́ràn aláṣọ funfun, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ àwọn òbí rẹ̀ rẹ́. Òfin tó ní ká má ṣe jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa kò yọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé sílẹ̀.