Fọ́tò kan, ìgbà méjì

Ṣé lóòótọ́ ni pé fọ́tò kì í purọ́? Ní 1857, Gustave Le Gray ya ìgbì òkun ní Sète, nílẹ̀ Faransé. Láyé ìgbà náà, bí omi bá hàn kedere nínú fọ́tò, ojú ọ̀run á funfun báláú. Le Gray wá ya òkun lọ́tọ̀, ó ya ọ̀run lọ́tọ̀, ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Ó tilẹ̀ máa ń lo ojú ọ̀run kan náà fún òkun mìíràn.

Lójú tiwa, kì í ṣe irọ́ pátápátá: ojú ènìyàn ń rí méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ ni kò lè rí i. Àmọ́ ìṣẹ́jú tí fọ́tò náà fi hàn wá kò wáyé rí. Àwa tí à ń fi fọ́tò jẹ́rìí ìtàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í: ìgbà mélòó ló wà nínú rẹ?