Ìbínú Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Ohun Tí Ẹjọ́ Bákàsí Kọ́ Mi

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin àgbáyé fún oyè másítà, àǹtí mi kan bi mí pé, "Irú òfin wo nìyẹn? Ta ni yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá bá ọ?" Mo rẹ́rìn-ín. N kò rí èsì fún un títí di ọ̀sẹ̀ tí a ka ìdájọ́ Bákàsí.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Kálàbá bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ìdáàbòbò. Lójú tiwa, ẹni tí a ní kó bá wa ṣọ́ ilé kò lè fi yàrá kan nínú rẹ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì pa ààlà ní Lọ́ńdọ̀nù, Bákàsí sì bọ́ sí ọwọ́ Kamẹrúùnù, tí Jámánì ń ṣàkóso nígbà náà. Lọ́dún yẹn kan náà, aṣojú àwọn ọba Kálàbá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn!

Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ní 1994. Àwọn agbẹjọ́rò wa sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò lè fún ẹlòmíràn ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, adájọ́ 13 dá Kamẹrúùnù láre, mẹ́ta kò fara mọ́ ọn. Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu, wà lára àwọn mẹ́ta náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú bí mi. Ilé ẹjọ́ ní ìrìn àjò sí Lọ́ńdọ̀nù yẹn kò fi hàn pé àwọn ọba náà dá dúró bí orílẹ̀-èdè. Ó kàn fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọwọ́ wọn ṣèjọba ni. Nígbà tí mo tún un kà, ibòmíràn ló dùn mí jù. Ilé ẹjọ́ ní a kò mú ẹ̀rí wá pé àwọn ọba náà fi ẹ̀hónú hàn ní 1913. Ó tún ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò lè ṣàlàyé yékéyéké ohun tí ipò wọn dà lẹ́yìn 1884.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2008, a parí fífi Bákàsí lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ apẹja kó ẹrù wọn padà sí Ìpínlẹ̀ Cross River.

N kò sọ pé ìdájọ́ náà tọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé àtijọ́ ń bẹ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, Enugu àti Kàdúná. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa tú wọn wò kí ẹjọ́ tó dé. Àǹtí mi, iṣẹ́ tí òfin mi wà fún nìyẹn.